Ẹ̀jẹ̀ nìkan kò lè sọ bóyá Crohn's ni tàbí ulcerative colitis

Ọ̀pọ̀ ẹni tí inú rírun àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ti dà láàmú ló gbà pé wọ́n á kàn fa ẹ̀jẹ̀ òun, èsì á sì sọ ọ́ ní gbangba: Crohn's ni, tàbí ulcerative colitis, ìyẹn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ méjì tó ń mú kí inú ìfun wú, kó sì dá egbò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun méjì ni wọ́n sábà ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà. ASCA ni èròjà tí ara ń pèsè láti gbógun ti yíìsì tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Ara àwọn tó ní Crohn's ló ti wọ́pọ̀. pANCA ní tirẹ̀ ń dojú ìjà kọ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ẹni gan-an, ulcerative colitis ló sì sábà ń bá rìn. (Kí ẹnikẹ́ni má torí ASCA sá fún búrẹ́dì o. Kò túmọ̀ sí pé yíìsì ló fa àìsàn.)

Wàhálà ibẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní Crohn's ni ASCA ń hàn lára wọn, tàbí kó lé díẹ̀. Ẹni tí wọn ò rí i lára rẹ̀ ò tíì bọ́ nínú ewu. Ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun náà lè gbé ASCA jáde. Èyí tó burú jù ni pé bí Crohn's bá mú ìfun ńlá nìkan, pANCA lè yọjú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni dókítà ti nílò ìrànlọ́wọ́ jù.

Ojú ló ń rí ohun tó ń yanjú ẹjọ́ náà. Dókítà á ti kámẹ́rà wọ ìfun láti ìdí, á já ẹran ara bíńtín níbi púpọ̀, títí kan ibi tó dà bíi pé ó dára. Ìsàlẹ̀ ìfun ńlá, nítòsí ihò ìdí, ni ulcerative colitis ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa gòkè láìfi àyè sílẹ̀, awọ inú lọ́hùn-ún nìkan ló sì ń jẹ. Crohn's a máa fo ibì kan mú ibòmíràn, láti ẹnu títí dé ihò ìdí, á sì jẹ ògiri ìfun wọlé ṣinṣin.

Mi ò ní kí wọ́n da àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nù. Bí iṣẹ́ abẹ bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí iyèméjì ṣì wà, ó wúlò bí ẹ̀rí kan láàárín ẹ̀rí púpọ̀, torí yíyọ ìfun ńlá kúrò pátá lè fòpin sí ulcerative colitis inú ìfun, ṣùgbọ́n Crohn's lè tún yọ lára èyí tó kù.