Epo Ni Rádíétọ̀ Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Awakọ̀ kan tó ń ná Òṣogbo sí Ìkìrun gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà. Omi rádíétọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́nà. Nígbà tí a tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ó ti sán láàárín fáàfù méjì, ìlà tín-ín-rín bí irun orí. Ó ní, “Ọ̀gá, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn ńkọ́? Rádíétọ̀ wo ni tiẹ̀?”

Epo rẹ̀ náà ni.

Iná inú ẹ́ńjìnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbóná kọjá 3,000 dígírì. Bàbà tí wọ́n lú nǹkan díẹ̀ mọ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣe ògiri ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ 1,085 dígírì ni bàbà ń yọ́. Ẹ wo ìkòkò alumí lórí iná: bí omi bá wà nínú rẹ̀, kò séwu, bí omi bá gbẹ, ìdí rẹ̀ á lu. Wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró-tóóró sínú bàbà náà, kí epo tútù máa gba ibẹ̀ kọjá kó tó lọ jó.

Ibi tó le ni kí ẹ́ńjìnì kan náà tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹwàá. Bàbà ń wú, ó ń sún kì, bí wáyà tí ẹ ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Space Shuttle, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tó ń lọ tó ń bọ̀, fò ní ìgbà 135 láàárín 1981 sí 2011, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ sílẹ̀ yẹ̀ wò kó tó tún gbéra.

Kẹrosíìnì ni Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ SpaceX, ń jó. Ẹni tó bá ti fi sítóófù dáná mọ bí ìdí ìkòkò ṣe ń dúdú. Gáàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí Raptor, ẹ́ńjìnì Starship tó jẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá SpaceX, fi ń jó gáàsì mẹtéènì. Ohun tó wú mi lórí jù nínú rẹ̀ ni pé gbogbo epo àti gbogbo ọ́síjìn ló ń gba ara abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí pọ́ǹpù kọjá. Bí ẹni mẹ́wàá bá pín ẹrù ẹni méjì rù, ọrùn á fúyẹ́: gáàsì pọ̀, kò wá nílò kó gbóná jù, abẹ̀bẹ̀ á sì pẹ́.

Awakọ̀ ní ṣé a ò lè jó ojú ibi tó sán lára tọ́ọ̀pù tiẹ̀ pọ̀. Mo ní iná á tún là á níbẹ̀. Tọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ la wá fún un, mo sì ní kó máa yẹ omi wò láràárọ̀ kó tó ṣíná ọkọ̀.