Kapkap

Kapkap ni orúkọ tí àwọn olùkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń pe ohun ọ̀ṣọ́ roboto kan tí àwọn ará erékùṣù Melanesia, ní Òkun Pàsífíìkì, ń fi ìkarahun ṣe. Wọ́n ń ṣe é ní Erékùṣù Sólómọ́nì, ní New Ireland àti ní àwọn erékùṣù Admiralty. Dala ni wọ́n ń pè é ní Malaita, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Sólómọ́nì. Tema ni ti àwọn erékùṣù Santa Cruz, ní Sólómọ́nì kan náà, tí ó sábà máa ń tóbi ju ti ibòmíràn lọ. Àyà ni wọ́n ń gbé tema kọ́, ṣùgbọ́n ní Malaita, iwájú orí ni wọ́n ń so dala mọ́.

Ìkarahun Tridacna, ẹran omi oníkarahun méjì tí kò sí irú rẹ̀ tó tóbi tó o, ni wọ́n ń lò. Oníṣẹ́ á gé ibi tó nípọn lára rẹ̀, á fi iyanrìn àti omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí yóò fi fẹ́lẹ́ tí yóò sì máa dán, kí ó tó wá dá ihò sí i láàárín. Igbá ẹ̀yìn ìjàpá òkun tí wọ́n fín ní àfínlujá ni wọ́n ń tẹ́ lé e lójú, tí okùn tó gba inú ihò náà yóò sì so méjèèjì pọ̀. Ibi fínfín yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Nínú èyí tó dára jù, ọnà náà tò yí àárín ká ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ó tín-ín-rín bí òwú, funfun ìkarahun sì ń yọ láàárín dúdú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ó ti kán. Ti Santa Cruz kò le tó bẹ́ẹ̀: àwòrán kan ṣoṣo ni, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ẹyẹ òkun àti ẹja.

Ní ọ̀rúndún 19k, àwọn apàbùùbùtán, oníṣòwò, míṣọ́nnárì àti ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí Yúróòpù. Julius Brenchley, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Curaçoa rìn ní 1865, àwọn ohun tí ó kó jọ sì wà ní Maidstone, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ Godeffroy ní Hamburg dá mùsíọ́ọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1861. Ti Ọ̀gákọ̀ Davis gba ìṣọ́ra: òun náà kó ohun púpọ̀ jọ ní Sólómọ́nì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Royalist tí ó ń darí ni ó dáná sun àwọn abúlé Roviana ní 1891.

Láti mọ̀ bóyá ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe kapkap kan, ihò rẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ lu láti ojú méjèèjì máa ń fẹ̀ lẹ́nu, a sì há nínú. Ti ẹ̀rọ a gún régé.