Ẹ̀fọ́rí tí kì í ṣe ibà: ìbéèrè lórí pituitary tó wú lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, ó mú páálí oògùn hydrocortisone dání. Ìlú Ọba ni màmá rẹ̀ ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ awọ ara. Atẹ́lẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí irú rẹ̀ ti sábà máa ń yọ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Jẹjẹrẹ ń lọ sílẹ̀, ni ẹ̀fọ́rí bá dé. Nígbà tí màmá padà sílé, wọ́n lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n lo ti táífọ́ọ̀dù, kí ẹnì kan tó bi wọ́n pé irú oògùn jẹjẹrẹ wo ni màmá gbà. Ohun tó bi mi nìyí, àti èyí tí màmá fúnra wọn bi mí lórí fóònù.

Dókítà, kí ni pituitary gan-an?

Apòògùn ni mí o, ṣùgbọ́n dókítà ni wọ́n ń pe gbogbo wa. Kókó kékeré kan ni, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ, lẹ́yìn ibi tí imú ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ojú méjèèjì. Kékeré ni, ọ̀gá sì ni. Òun ló ń rán thyroid tó wà lọ́rùn níṣẹ́, òun ló ń rán kókó adrenal tó jókòó lórí kíndìnrín, àti àwọn ohun ìbímọ tọkùnrin tobìnrin. Bí kò bá rán wọn, wọn ò ní ṣe é.

Àwọn agbẹ̀bí wa ti rí irú rẹ̀ rí: ìyálọ́mọ tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ jù nígbà ìbímọ, tí omi ọmú kò wá, tí nǹkan oṣù kò padà, tó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Dókítà Sheehan ṣàlàyé rẹ̀ ní 1937: ẹ̀jẹ̀ kò dé pituitary tó, ló fi kú. Ti màmá kò kú bẹ́ẹ̀, ó wú ni.

Kí ló wá pa oògùn jẹjẹrẹ pọ̀ mọ́ kókó inú orí?

Ara ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó sì ní bíréèkì tí kì í jẹ́ kí wọ́n ya bo ọmọ onílé. Ọ̀kan ń jẹ́ CTLA-4, òmíràn PD-1. Jẹjẹrẹ máa ń fara pamọ́ sábẹ́ bíréèkì yìí, àwọn ọmọ ogun á kàn máa wò ó. James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Japan ló fi hàn pé béèyàn bá tú bíréèkì yẹn, ara lè kojú jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Oògùn ipilimumab tó ń tú CTLA-4 gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2011. Pembrolizumab àti nivolumab, tí wọ́n ń tú PD-1, tẹ̀lé e ní 2014.

Ọmọ ogun tí kò ní bíréèkì mọ́ kì í mojú ẹni. Ó lè kọlu ìfun, awọ, ẹ̀dọ̀. Ní ti pituitary, ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ ní CTLA-4 lára. Oògùn tó ń wá CTLA-4 kiri á bá a níbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn ọmọ ogun á sì tọpa rẹ̀ dé ibẹ̀. Abájọ tí ipilimumab fi ń fa wàhálà yìí ju àwọn méjì yòókù lọ fíìfíì.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ibà?

Ẹ ka oṣù. Pẹ̀lú ipilimumab, ó sábà máa ń dé ní bí oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Pẹ̀lú àwọn yòókù ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí á máa fọ́, á máa rẹni, oúnjẹ ò ní wuni, èébì á máa gbéni. Obìnrin náà ní láàárọ̀ ọjọ́ kan, màmá dìde lórí ẹní ìkírun, wọ́n sáré di ògiri mú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ nìyẹn.

Ibà náà lè ṣe gbogbo èyí, ohun tó ń tan wá jẹ nìyẹn. Ẹ yẹ ibà wò, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tó yẹ kí cortisol, èròjà tí kókó adrenal ń ṣe láti gbé ara ró, pọ̀, kí wọ́n sì wo thyroid àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, lè fi wíwú hàn. Àwòrán náà sì lè mọ́ kedere, kí àrùn náà ṣì wà níbẹ̀.

Àbí jẹjẹrẹ ló ti dé orí?

Ó yẹ kí wọ́n wò ó. MRI wúlò fún ìyẹn náà.

Ṣé màmá á máa lo hydrocortisone yìí lọ ni?

Ó jọ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń dípò cortisol tí ara kò ṣe tó mọ́. Thyroid lè padà bọ̀ sípò, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí iṣẹ́ cortisol padà. Dída sítẹ́rọ́ọ̀dì, ìyẹn irú oògùn bíi hydrocortisone, púpọ̀ sí i kì í jí i. Ìgbà tí orí bá ń fọ́ burúkú tàbí tí ojú bá ń ṣú ni wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀. Hydrocortisone ní láti ṣáájú oògùn thyroid, torí bí ti thyroid bá ṣáájú, ó lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Bí ara bá gbóná, ìlọ́po méjì hydrocortisone ni. Bí èébì kò bá jẹ́ kó dúró nínú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kó wà nínú báàgì màmá.

Ẹ má jẹ́ kó tán nílé kí ẹ tó ra òmíràn. Mo ń rí àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n ń lo dexamethasone, sítẹ́rọ́ọ̀dì mìíràn, kí wọ́n lè sanra. Pituitary wọn á ti sùn lọ nítorí oògùn náà. Bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, àìtó cortisol kan náà ló ń bọ̀.

Ṣé wọ́n máa dá ìtọ́jú jẹjẹrẹ dúró?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Bí ara bá ti balẹ̀ pẹ̀lú hydrocortisone, wọ́n lè máa bá a lọ.

Ọmọ mi, ṣé mo lè gbààwẹ̀?

Màmá ló bèèrè èyí. Mo ní, Màmá, ìlò yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, láti sààrì dé ìṣínu sì jìnnà. Òùngbẹ àti ìfúnpá tó lọ sílẹ̀ kì í bára wọn gbé. Ẹ má dán an wò kí dókítà yín tó sọ̀rọ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda aláìsàn, pé àwọn á máa fún aláìní lóúnjẹ. Wọ́n tún bi mí pé eélòó ni páálí kan.