Ṣé ẹni ọdún 32 ṣì ń bàlágà ni?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge sọ pé ọpọlọ ènìyàn máa ń wà ní ipò ọ̀dọ́langba láti ọmọ ọdún 9 títí di nǹkan bí ọdún 32. Jìnnìjìnnì bá àwọn òbí.

Ṣé títí di ọdún 32 lọmọ mi á máa gbaná jẹ báyìí?

Rárá.

Kí wá ni wọ́n sọ?

Àwòrán ọpọlọ àwọn ènìyàn tó sún mọ́ 4,000 ni wọ́n yẹ̀ wò, látorí ọmọ ọwọ́ dé orí arúgbó. Ọ̀nà tó so apá kan ọpọlọ mọ́ òmíràn ni wọ́n ní ó ń já geere sí i títí di ọdún 32. Ìbàlágà yàtọ̀: ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 8 sí 13 lára obìnrin, 9 sí 14 lára ọkùnrin, ọdún mélòó kan ló sì ń gbà. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tó bá ń gbá ilẹ̀kùn gbàmù, ìwà ẹ̀ nìyẹn.

Kí ló ń fa ìbínú òjijì?

Họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà inú ara tó ń mú ìbàlágà wá, wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Apá ọpọlọ tí ìbínú àti ẹ̀rù ti ń ru tètè ń gbóná. Apá iwájú orí tó ń sọ fúnni pé "ṣe sùúrù ná" kì í gbó tán títí èèyàn á fi lé dáadáa ní ogún ọdún. Ẹ wo ọmọbìnrin ọdún 12 tí àbúrò rẹ̀ mú bírò rẹ̀ láìtọrọ. Ó pariwo, ó sunkún, ó wọ yàrá lọ. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó ti jáde, ó ń wá ẹni tí yóò bá ṣeré. Ẹkún yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn, ẹ̀rín náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìyá rẹ̀ nìkan ni inú ṣì ń bí.

Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ṣé èmi lo ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" kò ní ìdáhùn kankan. Bó bá rọlẹ̀, ẹ bá a wá orúkọ fún ohun tó ń ṣe é: ṣé ìbínú ni, àbí ìtìjú, àbí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ, "inú ń bí mi" nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n pè.

Ṣé kó máa na àbúrò rẹ̀ ni?

Kò jọ ọ́. Inú lè bí i, ọwọ́ ni kò gbọ́dọ̀ sọ.

Ìgbà wo ló yẹ kó kọ mí lóminú?

Bí ìbànújẹ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ tàbí eré tó fẹ́ràn kò wù ú mọ́, tàbí tó ń ya ara rẹ̀ lábẹ, ẹ mú un lọ rí dókítà. Bó bá ní ó sàn kóun kú, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ wá ìrànlọ́wọ́.

Bí mo bá bi í bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ṣé mi ò ní kọ́ ọ?

Ẹ ò ní kọ́ ọ. Ẹ bi í.