Òfin Ń Sùn, Owó Ń Wọlé: Ètò Àwọn Àgbà ní Amẹ́ríkà

Ààrẹ Trump dá a lábàá nínú ìṣúná ọdún 2026 pé kí wọ́n ti AmeriCorps, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni, pa. Abẹ́ àjọ yẹn ni ètò ìyọ̀ǹda ara ẹni àwọn àgbà wà, ni àwọn ará Èkìtì tí òbí wọn wà lọ́hùn-ún bá ń bèèrè pé kí ló dé, àwọn kan sì ń sọ pé òfin ètò náà ti kú.

Kí ni àwọn àgbà yìí ń ṣe?
Ètò mẹ́ta ni, fún ẹni ọdún 55 sókè. Nínú Foster Grandparents, ìyá àgbà á jókòó ti ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára, wọ́n á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ọmọ náà yóò fi kà á délẹ̀. Àwọn Senior Companions ń lọ sílé àgbà ẹgbẹ́ wọn tí ara kò gbé mọ́, wọ́n á bá wọn ra ọjà, wọ́n á sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀kẹta ni RSVP, níbi tí àwọn àgbà ti ń yọ̀ǹda ara wọn fún onírúurú iṣẹ́ ládùúgbò; kò sówó níbẹ̀.

Èló ni ti méjì àkọ́kọ́?
Dọ́là 4 ní wákàtí kan, fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré nìkan. Òfin kò kà á sí owó iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ dín ìrànwọ́ oúnjẹ wọn kù.

Ṣé lóòótọ́ ni òfin rẹ̀ ti kú?
Kò kú. Ibí ló ti ń rú èèyàn lójú. Òfin 1973 ni ètò náà dúró lé. Òfin mìíràn ní 2009 fọwọ́ sí owó rẹ̀ títí dé ọdún ìṣúná 2014, látìgbà náà wọn ò sọ ọ́ dọ̀tun. Àmọ́ ìfọwọ́sí ọ̀tọ̀, owó ọ̀tọ̀. Ọdọọdún ni àwọn aṣòfin ń pín owó. Ètò tí wọ́n bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìṣúná, ó ti jẹun nìyẹn. Ní 2024, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 237 dọ́là. Pé ọwọ́ ìjọba tó wà lórí oyè ni irú owó bẹ́ẹ̀ wà kò ṣàjèjì sí wa. Owó àrúgbó Èkìtì, 5,000 náírà lóṣù, bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Ìjọba yí padà ní 2014, owó dúró.

Ṣé wọn yóò sọ òfin náà dọ̀tun láìpẹ́?
A ò rò bẹ́ẹ̀. Nílé aṣòfin àgbà wọn, ìbò 60 nínú 100 ló sábà máa ń gbà kí àríyànjiyàn tó parí. Àwọn ọ̀rẹ́ ètò náà pàápàá ń ṣọ́ra: tí wọ́n bá ṣí òfin náà sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ gé e yóò mú ọ̀bẹ tirẹ̀ wá. Wọ́n ní kó máa sùn jẹ́ẹ́.

Ṣé ààrẹ lè dá ti í pa?
Rárá, àbá ni ìṣúná rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè dá a dùbúlẹ̀. Ní April 2025, wọ́n fagi lé nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 dọ́là owó ìrànwọ́ AmeriCorps, wọ́n sì ní kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Orí kó ọ̀pọ̀ nínú ètò àwọn àgbà yọ lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ tí òṣìṣẹ́ ò bá sí, ta ni yóò buwọ́ lu ìwé owó?

Màmá wa wà nínú rẹ̀. Kí ni kí wọ́n máa ṣọ́?
October 1, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìṣúná wọn. Kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ alábòójútó ètò ládùúgbò wọn ìgbà tí owó ọwọ́ yóò tán. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà níbi gbogbo. Kí ìwé wákàtí wọn ní ìbuwọ́lù, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nílé.

Ẹnì kan ní Adó ní ká san owó fọ́ọ̀mù kí màmá lè lọ ṣe é.
Jìbìtì ni. Amẹ́ríkà níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba èèyàn, wọn kì í gba owó fọ́ọ̀mù, físà àbẹ̀wò kò sì fàyè gba iṣẹ́ tó ń mówó wọlé.