Wákàtí 6 tí kì í ṣe wákàtí 6: iṣẹ́ klínà fún ẹni tí àyè ò fi bẹ́ẹ̀ gbà l'Ákúrẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ọba-Ilé ni mò ń gbé. Aago 8 ni mo máa ń já àwọn ọmọ sí school, aago 2 mo gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu géètì. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ klínà, kí n máa lọ tọ́jú ilé onílé. Wákàtí 6 ni mo ṣáà ní, kí ló wá dé táwọn tó ń ṣe é ń sọ pé ilé kan lójúmọ́ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, wákàtí 6 kọ́ lo ní. Ká ní ilé ọ̀hún wà l'Álágbàká, o máa dúró de kéké, kéké náà máa dúró de èrò, o débẹ̀ o kí onílé, wọ́n ní iná ò sí láti fa omi, o ń pọnmi, aago 9 ààbọ̀ ti lù nìyẹn o, o ò sì tíì gbá nǹkan kan. Aago 1 kọjá díẹ̀ o gbọ́dọ̀ ti máa bọ̀. Bíi wákàtí 4 ló kù, flat oníyàrá 3 tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ṣe fúngbà àkọ́kọ́ á sì jẹ ẹ́ tán.

Àdúgbò kan ni kó o mú, ibi tó o lè fẹsẹ̀ rìn dé, kó o sì wá oníbàárà tó máa ń pè ẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, Mọ́ńdé ti lágbájá, Túsìdeè ti tẹ̀mẹ̀dù. Tó bá di ìgbà kẹta tó o wọ ilé kan náà, ìdọ̀tí ò tíì ráyè gan mọ́lẹ̀, wàá rí i pé o ti ń tètè parí, ìgbà yẹn lo lè fi ilé kejì kún un.

Ìbéèrè: Ṣé wákàtí ni kí n fi gbowó àbí ilé?

Ìdáhùn: Ilé, ojú ẹ sì gbọ́dọ̀ rí i ná. Ẹnì kan ti pè mí rí pé two-bedroom ni, "kò tiẹ̀ dọ̀tí", mo dá iye owó lé e lórí fóònù. Àṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé ni! Ọ̀dà lára táì, sìmẹ́ǹtì nínú sínkì, bíléèdì ni mo fi ń ha á títí aago 2 fi kọjá, ọmọ mi jókòó sẹ́nu géètì school pẹ̀lú sẹkúrítì. Látìgbà náà mi ò gba ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn mọ́, iṣẹ́ ẹni tó ní ọjọ́ odindi tó sì ní èèyàn ni.

Ìbéèrè: Kí ni kí n rà?

Ìdáhùn: Mọ́ọ̀pù, bọ́kẹ́ẹ̀tì 2, búrọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́, àkísà tó pọ̀, ọṣẹ olómi onígálọ́ọ̀nù. Kò ju ìyẹn lọ.

Ibi tó ń da èèyàn láàmú ni àmì pupa-pupa inú ṣáláńgá olómi. Omi bóhóòlù ló ń fà á, irin tó wà nínú omi ló dógùn-ún síbẹ̀. Hypo ò lè ṣí i, kódà ó lè mú un gan si. Ohun tó ní ásíìdì nínú ló ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n máà da méjèèjì pọ̀ láéláé o! Gáàsì chlorine ló máa jáde, á ta ẹ́ lójú, á dí ẹ lọ́fun, èèyàn lè dákú sínú ilé ìwẹ̀ onílé. Má sì jẹ́ kí ásíìdì kan mábù tàbí tẹ̀rásò, ó máa jẹ ẹ́, ìwọ lo máa sanwó ẹ̀.

Tó bá dìgbà ọyẹ́, fáànù àti nẹ́ẹ̀tì lo máa kọ́kọ́ nù, ilẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ṣé mo gbọ́dọ̀ lọ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀?

Ìdáhùn: Lọ forúkọ sílẹ̀ tí ọ́fíìsì bá ti ń pè ẹ́. Àwọn onílé, ẹni tó máa ṣe onídùúró fún ẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Má tètè gba kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí ẹnì kan wà nílé.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá ní kí n fọṣọ pọ̀ mọ́ ọn ńkọ́?

Ìdáhùn: Aṣọ ní owó tiẹ̀. Àwo oúnjẹ alẹ́ àná náà ní tiẹ̀. Tí màdáámù bá wá ní "jọ̀ọ́, bá mi ṣan àwọn yìí kíákíá", kọ́kọ́ wo aago kó o tó dáhùn.