Báàjì tó wà láyà àwọn tó ń ya X-ray

Tẹ́ ẹ bá lọ ya X-ray n'Ìbàdàn, ẹ wo àyà ẹni tó fẹ́ yà yín dáadáa, báàjì kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, kò ju páálí ìṣáná lọ, kì í sì í ṣe torí kẹ́ ẹ lè mọ orúkọ ẹ̀ o. Á ní kẹ́ ẹ mí sínú, kẹ́ ẹ sé èémí, òun á ti sáré bọ́ sẹ́yìn ògiri. Ìgbà tí wọ́n ya tèmi, mo rò pé èmi ló ń sá fún.

Láyé ìgbà kan, kò sẹ́ni tó ń sá. 1895 ni Röntgen rí ìtànṣán yìí ní Jámánì, ó fi ya ọwọ́ ìyàwó ẹ̀, egungun hàn, òrùka hàn, ni gbogbo ayé bá pariwo, làwọn èèyàn bá ń ki ọwọ́ ara wọn bọ ẹ̀rọ láti fi dán an wò. Clarence Dally tó ń bá Edison ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, ọwọ́ ẹ̀ jẹrà títí wọ́n fi gé e, ó kú ní 1904. Edison ní òun ò ṣe mọ́.

Rolf Sievert, ará Sweden, wà lára àwọn tó jókòó ti ìbéèrè pé ìwọ̀n ìtànṣán wo gan-an ló pọ̀ jù fún ara èèyàn? Ìlú ẹ̀, Stockholm, ni wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní 1928, orúkọ Sievert yìí la sì fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara èèyàn dòní.

Ibi tó ti kan Ìbàdàn ló dùn jù. February 1960, Faransé lọ dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹ sì mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn gan-an lọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, eruku tá à ń nù lórí tábìlì láàárọ̀ tó tún ti kún nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ló ti ń bọ̀! Inú bí ìjọba Balewa, January 1961 wọ́n lé aṣojú Faransé lọ. Ní 1964 wọ́n wá dá Federal Radiation Protection Service sílẹ̀ ní ẹ̀ka Físíìsì ní UI, kí wọ́n máa ṣọ́ ìtànṣán bọ́ǹbù tí afẹ́fẹ́ lè gbé bọ̀.

Àwọn yẹn náà ló wá ń ka báàjì. Kirísítálì bíńtín ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá mú un gbóná á tàn yẹ́ríyẹ́rí, bó ṣe tàn tó la fi ń mọ ohun tó ti wọlé sára ẹni tó wọ̀ ọ́. Ogún millisievert lọ́dún (tá a bá pín sievert kan sí ẹgbẹ̀rún, ìdá kan ni millisievert) ni wọ́n ní kí tòṣìṣẹ́ má kọjá.

Àbúrò ìyá mi tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn sọ pé ẹnì kan gbé kóòtù kọ́ sínú yàrá X-ray tòun ti báàjì lára ẹ̀, ó gbalé lọ. Nígbà tí wọ́n kà á, kóòtù ti gba ìtànṣán ju gbogbo wọn lọ.